Adrẹnalíìnì àti Àwọn Ìbátan Rẹ̀: Bí Wọ́n Ṣe Ń Darí Họ́mọ́ọ̀nù Ìbímọ Lára Ẹranko

Iṣẹ́: Báyọ́lọ́jì
Kíláàsì: SS 3
Àkókò: Ìṣẹ́jú 80 (pẹ́ríọ́dù méjì tó tẹ̀lé ara wọn)
Ohun èlò: Pátákó àti ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ mẹ́ta, àwòrán ọpọlọ ẹranko láti ẹ̀gbẹ́, bí ó bá ṣeé ṣe, abo ẹja àrọ̀ kan tó ti gbó nínú bàsíà omi

Ọ̀rọ̀ sí olùkọ́

Ọ̀pọ̀ ìwé kíláàsì ló fi adrẹnalíìnì sábẹ́ "ìjà tàbí sísá", tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá gbà pé kò sí ohun tó pa á pọ̀ mọ́ ọmọ bíbí, àfi kó dí i lọ́wọ́. Èrò yẹn la fẹ́ tún ṣe lónìí. Ìbátan adrẹnalíìnì gan-an ni ọpọlọ ọ̀pọ̀ ẹranko ń lò láti pàṣẹ pé kí ẹyin jáde. Ibi tí wọ́n ti tú kẹ́míkà náà sílẹ̀, àkókò tí wọ́n tú u, àti họ́mọ́ọ̀nù tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú rẹ̀, àwọn ló ń pinnu bóyá yóò ṣí ọ̀nà ìbímọ tàbí yóò dí i. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbàgbé gbogbo orúkọ tó wà nínú àkọsílẹ̀ yìí, tó sì rántí gbólóhùn yẹn, ẹ̀kọ́ ti wọlé.

Ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

Wọ́n ti kọ́ ní SS 2 pé họ́mọ́ọ̀nù ni oníṣẹ́ tí ń gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ jíṣẹ́ níbi tó jìnnà. Wọ́n mọ̀ pé kókó kan wà lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, pé inú rẹ̀ ni adrẹnalíìnì ti ń jáde nígbà tí ajá bá lé ènìyàn: àyà á já, ọkàn á máa sáré, ẹnu á gbẹ. Wọ́n sì ti mọ ilé ẹyin, ilé ọmọ àti kórópọ̀n.

Èròǹgbà

Ní ìparí pẹ́ríọ́dù kejì, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè ya ọ̀nà tí àṣẹ ń gbà láti inú ọpọlọ dé ilé ẹyin. Kó lè ṣàlàyé ìwádìí kan lórí ehoro àti ọ̀kan lórí eku. Kó lè sọ ìdí tí kẹ́míkà kan náà fi ń ṣe iṣẹ́ méjì tó takora. Kó sì lè ṣàlàyé fún ẹni tó ń sin ẹja àrọ̀ ohun tí abẹ́rẹ́ tó ń gún fún ẹja rẹ̀ ń ṣe.

Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́: ìbéèrè kan

Kọ ọ́ sí pátákó: *Báwo ni ilé ẹyin tó wà nínú ikùn ehoro ṣe mọ̀ pé akọ ti wá?*

Ṣàlàyé pé abo ehoro tó dá wà kì í sábà tú ẹyin sílẹ̀. Ẹyin á gbó, á wà níbẹ̀, á máa retí. Nǹkan bí wákàtí 10 sí 12 lẹ́yìn tí akọ bá gùn ún ni ẹyin yóò tó já. Ológbò àti ràkúnmí náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí, àwọn onímọ̀ sì ka ọ̀yà tí àwọn àgbẹ̀ ń sìn nílẹ̀ wa àti ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ mọ́ wọn. Ti màlúù, àgùntàn, eku àti ènìyàn yàtọ̀: àkókò tiwọn bá tó, ẹyin á jáde, yálà akọ wà nítòsí tàbí kò sí.

Jẹ́ kí wọ́n jiyàn fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn kan á ní iṣan ìmọ̀lára ló gbé ìròyìn náà lọ. Àwọn kan á ní ẹ̀jẹ̀ ni. Má ṣe dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, torí pé ìhà méjèèjì ló ní òótọ́ lọ́wọ́. Iṣan ìmọ̀lára ló gbé ìròyìn láti ojú ara abo gòkè lọ sí ọpọlọ. Ẹ̀jẹ̀ ló gbé àṣẹ láti ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ wá sí ilé ẹyin. Láàárín òkè àti ilẹ̀ yẹn ni àwọn ìbátan adrẹnalíìnì ti ń ṣiṣẹ́.

Àwọn kẹ́míkà náà àti ibi tí wọ́n ti wá

Láti inú táírósíìnì ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀. Táírósíìnì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èròjà purotéènì tó wà nínú ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà. Ara á sọ ọ́ di DOPA, DOPA á di dópámíìnì, dópámíìnì á di nọradrẹnalíìnì, nọradrẹnalíìnì á sì di adrẹnalíìnì. Ẹ́ńsáìmù kan ló ń ṣe ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Sẹ́ẹ̀lì tí kò bá ní ẹ́ńsáìmù tó kàn, ibẹ̀ ni tirẹ̀ parí sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan fi ń tú dópámíìnì nìkan jáde, tí àwọn mìíràn ń tú nọradrẹnalíìnì.

Jokichi Takamine, ọmọ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, kéde ní ọdún 1901 pé òun ti ya adrẹnalíìnì sọ́tọ̀ ní ògidì. Ní 1946 ni Ulf von Euler ní Sweden fi hàn pé nọradrẹnalíìnì ni àwọn iṣan ìmọ̀lára kan ń tú sílẹ̀. Ó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1970.

Sinmi díẹ̀ níbí, torí pé ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣì lọ́nà. Adrẹnalíìnì tó bá ti orí kíndìnrín bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ kì í rọrùn fún un láti wọ inú ọpọlọ. Ògiri àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ há mọ́ra gan-an, kì í jẹ́ kí irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ kọjá. Nọradrẹnalíìnì tó ń bá ọpọlọ sọ̀rọ̀ nípa ìbímọ, inú ọpọlọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Ní 1964, Annica Dahlström àti Kjell Fuxe, ní Sweden bákan náà, ya àwòrán ibi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí wà nínú ọpọlọ eku. Àwọn tó ń ṣe nọradrẹnalíìnì jókòó sí ìsàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tó ti ń so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Wọ́n fún wọn ní àmì: A1, A2, títí dé A6 tí òkìkí rẹ̀ kàn jù. Láti ibẹ̀ ni okùn wọn ti gùn lọ síwájú, tó fi dé ibi tí àṣẹ ìbímọ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tí àṣẹ ń gbà *(ya á sí pátákó bí o ṣe ń sọ ọ́)*

Ìsàlẹ̀ ọpọlọ, lókè àjà ẹnu, ni haipotálámọ́sì wà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan fọ́n ká síbẹ̀ àti sí apá iwájú rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe họ́mọ́ọ̀nù kan tó ń jẹ́ GnRH. Wọn kò pọ̀ rárá. Ti eku kò ju nǹkan bí 1,000 lọ. Ó yẹ kí ẹnu ya akẹ́kọ̀ọ́ sí èyí: ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì yẹn ni ìbímọ odindi ẹranko rọ̀ mọ́.

GnRH kò gùn. Èròjà purotéènì 10 péré ló so pọ̀ di í. Andrew Schally yọ ọ́ láti inú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀, Roger Guillemin yọ ọ́ láti inú ti àgùntàn, ọdún 1971 ni wọ́n sì tú àdììtú ìtò rẹ̀. Wọ́n pín ẹ̀bùn Nobel ní 1977 pẹ̀lú Rosalyn Yalow, ẹni tó ṣe ọ̀nà tí a fi ń wọn họ́mọ́ọ̀nù inú ẹ̀jẹ̀.

GnRH á bọ́ sínú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó so haipotálámọ́sì pọ̀ mọ́ kókó pítúítárì. Geoffrey Harris ní Bìrìtìkó ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ yìí ni ọpọlọ fi ń darí pítúítárì. Pítúítárì á tú LH àti FSH sínú ẹ̀jẹ̀. FSH ń tọ́ ẹyin dàgbà. Nígbà tí LH bá sì ru sókè lójijì, ẹyin á já. Ìru sókè yẹn la ó máa lépa láti ìsinsìnyí lọ.

Ohun kan ṣì kù nípa GnRH: kì í ṣàn bí omi ẹ̀rọ, ó ń wá ní ìgbì-ìgbì. Ernst Knobil àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀bọ ṣe ìdánwò ní Pittsburgh, wọ́n sì gbé e jáde ní 1978. Nígbà tí wọ́n fún ọ̀bọ ní GnRH fún ìṣẹ́jú 6 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, LH àti FSH jáde dáadáa. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó máa wọlé láìdáwọ́ dúró, pítúítárì kò dá a lóhùn mọ́. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá yí ìgbì náà padà, yálà kó yára tàbí kó falẹ̀, ti yí ìbímọ padà. Nọradrẹnalíìnì wà lára àwọn tó ń yí i.

Ehoro ní Durham, ọdún 1947

Ẹ̀rí tó kọ́kọ́ múlẹ̀ wá láti Yunifásítì Duke, ní ìlú Durham, ìpínlẹ̀ North Carolina, ní Amẹ́ríkà. Charles Sawyer, Joseph Markee àti Henry Hollinshead ní oògùn kan lọ́wọ́ tó ń jẹ́ dibenamine. Iṣẹ́ oògùn yìí ni láti dí àwọn rìsẹ́pítọ̀, ìyẹn ojú tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gba iṣẹ́ adrẹnalíìnì àti nọradrẹnalíìnì. Wọ́n jẹ́ kí akọ gun abo ehoro, wọ́n sì gún abo náà ní dibenamine kíákíá. Ẹyin kò jáde.

Wàyí o, ẹ wo àkókò rẹ̀, ibẹ̀ ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Oògùn náà gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn gígùn. Tí wọ́n bá fi falẹ̀ díẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́, ẹyin á jáde bíi pé wọn kò ṣe nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀, a ti mọ̀ láti 1929, láti ọwọ́ Fee àti Parkes ní Ìlú Ọba, pé bí a bá yọ pítúítárì ehoro kúrò láàárín wákàtí kan lẹ́yìn gígùn, ẹyin kò ní já. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ìwádìí méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ohun tí yóò rí nìyí: nọradrẹnalíìnì parí iṣẹ́ tirẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, pítúítárì sì nílò tó wákàtí kan kó tó tú LH tó pọ̀ tó. Àṣẹ yára, ìmúṣẹ falẹ̀, wákàtí mẹ́wàá mìíràn sì ń bẹ kí ẹyin tó já.

Lẹ́yìn náà Sawyer tún gba ọ̀nà kejì. Ó fi nọradrẹnalíìnì sínú ihò olómi tó wà láàárín ọpọlọ ehoro tí akọ kankan kò gùn, ẹyin sì jáde nínú àwọn kan lára wọn. Ó ní láti fi í sínú ọpọlọ tààrà nítorí ògiri tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Dídí tí ó dí i fi hàn pé a nílò rẹ̀; fífi tí ó fi í síbẹ̀ fi hàn pé ó tó láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí olùkọ́ tẹnu mọ́ ìyàtọ̀ méjì yìí, torí pé kì í ṣe ẹ̀kọ́ yìí nìkan ló ti wúlò.

Eku àti aago méjì ọ̀sán

Eku kì í dúró de akọ. Ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin tàbí márùn-ún márùn-ún ni ẹyin rẹ̀ ń jáde, òru ló sì máa ń jẹ́. John Everett, tó wà ní Duke bákan náà, bá Sawyer àti Markee ṣiṣẹ́ lórí èyí. Wọ́n to ìmọ́lẹ̀ yàrá eku: iná á tàn ní aago márùn-ún ìdájí, á kú ní aago méje alẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìjáde ẹyin, wọ́n fún àwọn eku ní dibenamine.

Èyí tó gba oògùn kó tó di aago méjì, ẹyin rẹ̀ kò jáde ní òru ọjọ́ náà. Èyí tó gbà á lẹ́yìn aago mẹ́rin, ẹyin rẹ̀ jáde. Oògùn kan náà ni, irú eku kan náà ni. Wákàtí méjì ló dá wọn sí méjì. Láàárín aago méjì sí mẹ́rin ni ọpọlọ ń pàṣẹ.

Ní 1950, Everett àti Sawyer lo oògùn oorun dípò dibenamine. Eku tó sùn la àkókò yẹn kọjá kò tú ẹyin sílẹ̀ ní òru ọjọ́ náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ní àkókò kan náà, ọpọlọ tún pàṣẹ, ẹyin sì jáde pẹ̀lú ìdádúró wákàtí 24 gééré. Aago kan wà nínú ọpọlọ eku tí kò bìkítà pé wọ́n ti kọ́kọ́ dí i lọ́wọ́. Tí ọ̀la bá dé, á tún lù.

Mo ka iṣẹ́ Duke yìí sí ọ̀kan nínú èyí tó mọ́ jù lọ nínú gbogbo báyọ́lọ́jì ọ̀rúndún tó kọjá. Wọn kò tíì lè wọn LH nínú ẹ̀jẹ̀ eku nígbà náà. Oògùn, aago àti sùúrù ni wọ́n fi rí ohun tí ojú kò lè rí.

Ẹ̀sítírójìn ló ń fún un láyè

Apá tó le jù nínú ẹ̀kọ́ òní nìyí. Má sáré.

Bí a bá yọ ilé ẹyin eku kúrò, ẹ̀sítírójìn, họ́mọ́ọ̀nù tí ilé ẹyin ń ṣe, á tán lára rẹ̀. Bí a bá wá fi nọradrẹnalíìnì sínú ọpọlọ irú eku bẹ́ẹ̀, LH á lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀sítírójìn, lẹ́yìn náà ká tó fi nọradrẹnalíìnì kan náà sí i, LH á ru sókè. Kẹ́míkà kò yí padà. Ọpọlọ tó gbà á ló ti yí padà.

Kí ló fà á? Ẹ̀sítírójìn, nígbà tó bá ti pẹ́ díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tó sì pọ̀, ń tún ojú ìgbàṣẹ́ tó wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tò. Oríṣiríṣi rìsẹ́pítọ̀ ni nọradrẹnalíìnì ní. Èyí tó ń jẹ́ alpha-1 ló sábà máa ń ti GnRH síwájú. Oògùn prazosin, tó ń dí i, máa ń dín ìru sókè LH kù. Àwọn irú mìíràn wà tó ń fà á sẹ́yìn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì GnRH kò sì ní irú rìsẹ́pítọ̀ ẹ̀sítírójìn tí iṣẹ́ yìí nílò. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ mìíràn, tó ń ṣe oníṣẹ́ kan tó ń jẹ́ kisspeptin, ló ní in, àwọn ló sì ń gbé ìròyìn ẹ̀sítírójìn lọ bá GnRH. Ọdún 2003 ni àwọn olùwádìí tó mọ̀ pé láìsí rìsẹ́pítọ̀ kisspeptin, ènìyàn tàbí eku kì í bàlágà.

Ẹ jẹ́ ká wo bí èyí ti bọ́gbọ́n mu tó. Ẹ̀sítírójìn tó pọ̀ túmọ̀ sí pé ẹyin ti gbó. Kí ẹyin tó gbó, kò sí ìdí tí ọpọlọ fi gbọ́dọ̀ pariwo pé kó jáde. Nọradrẹnalíìnì lè pe GnRH bó ṣe fẹ́. Ilé ẹyin ló ń pinnu ìgbà tí ìpè náà yóò jẹ́.

Kí olùkọ́ má sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ti eku wọn gbogbo ẹranko. Nínú ọ̀bọ tí wọ́n ti yọ ilé ẹyin rẹ̀, oògùn tó dí rìsẹ́pítọ̀ alpha dá ìgbì LH dúró. Ìyẹn ni pé nọradrẹnalíìnì ń ti iṣẹ́ síwájú lára ọ̀bọ náà láìsí ẹ̀sítírójìn.

Nígbà tí ẹ̀rù bá ba ẹranko

Àgùntàn tí wọ́n bá kó sínú ọkọ̀ akẹ́rù nígbà tí ẹyin rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde, ìru sókè LH rẹ̀ á pẹ́ kó tó dé. Ohun mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nọradrẹnalíìnì láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ á lọ sí apá mìíràn nínú haipotálámọ́sì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe CRH, họ́mọ́ọ̀nù ìjayà. CRH á tẹ ìgbì GnRH mọ́lẹ̀. Kọ́tísóòlù tó jáde láti orí kíndìnrín á sì mú kí pítúítárì máa lọ́ra láti dáhùn. Ẹ wò ó: nọradrẹnalíìnì tó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ GnRH ń gbé e ga, èyí tó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ CRH ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìwọ̀nba mìlímítà díẹ̀ ló wà láàárín ibi méjèèjì nínú ọpọlọ eku.

Màlúù, ológbò àti àpò ìwé

Adrẹnalíìnì inú ẹ̀jẹ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìta ọpọlọ ló ti ń ṣe é. Ní 1941, Fordyce Ely àti W. E. Petersen ní Amẹ́ríkà gbé ológbò lé ẹ̀yìn màlúù tí wọ́n fẹ́ fún wàrà rẹ̀, wọ́n sì ń fọ́ àpò ìwé tí atẹ́gùn kún inú rẹ̀ létí i ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá fún ìṣẹ́jú méjì. Wàrà náà kọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe yẹ. Nígbà tí wọ́n gún màlúù mìíràn ní adrẹnalíìnì láìdẹ́rù bà á rárá, ohun kan náà ṣẹlẹ̀.

Ọksitósìn, tó ń ti ẹ̀yìn pítúítárì jáde, ló ń fún àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọmú pọ̀ kí wàrà lè sọ̀. Adrẹnalíìnì ń fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ọmú pa, ọksitósìn díẹ̀ ló wá ń débẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kì í sì í dáhùn dáadáa. Àwọn darandaran Fúlàní tó ń jẹ́ kí ọmọ màlúù kọ́kọ́ mu ọmú díẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún wàrà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: ẹnu ọmọ ló ń pe ọksitósìn.

Ẹja àrọ̀ àti dópámíìnì

Bí ẹja bá wà ní kíláàsì, ìsinsìnyí ni kí wọ́n sún mọ́ ọn. Jẹ́ kí wọ́n rọra fọwọ́ kan ikùn rẹ̀: ó rọ̀, ó sì fẹ̀. Ẹyin tó ti gbó ló kún inú rẹ̀. Nínú odò, omi òjò tó ń kún àti koríko tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò ló ń sọ fún un pé kó yé. Nínú táńkì, kò sí èyíkéyìí nínú wọn, ẹyin á sì jókòó síbẹ̀.

Ohun tó ń dá a dúró ni dópámíìnì, àkọ́bí nínú ìdílé yìí. Lára ẹja, àwọn okùn iṣan ọpọlọ wọ inú pítúítárì gan-an, wọ́n ń tú dópámíìnì síbẹ̀, kò sì jẹ́ kí LH jáde. Richard Peter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Alberta, ní Kánádà, ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tó fi èyí hàn lára ẹja góòlù. Nígbà tí wọ́n ba apá kan jẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀, họ́mọ́ọ̀nù tú jáde, ẹja náà sì yé ẹyin. Nọradrẹnalíìnì lára ẹja kan náà ń mú kí LH jáde. Àkọ́bí ń dí ọ̀nà, èyí tó tẹ̀lé e ń ṣí i. Àwọn olùwádìí ní Utrecht, ní ilẹ̀ Netherlands, rí i pé dópámíìnì ń dí i bẹ́ẹ̀ lára ẹja àrọ̀ tiwa ti Áfíríkà náà.

Ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀nà tí àwọn ènìyàn mọ̀ ni kí wọ́n yọ pítúítárì ẹja kan, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n gún un fún òmíràn. Rodolpho von Ihering ní Brazil wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é ní àṣeyọrí ní àwọn ọdún 1930, àwọn tó ń sin ẹja nílẹ̀ wa náà sì lò ó. Ní àwọn ọdún 1980, Lin Haoran ní Ṣáínà àti Peter pa ohun méjì pọ̀: GnRH àtọwọ́dá tó ń ti LH jáde, àti oògùn tó ń dí dópámíìnì lọ́wọ́. Láti inú èrò yẹn ni Ovaprim ti wá, èyí tí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pa ọmọ ẹja àrọ̀ ní Nàìjíríà mọ̀ bí ẹni mowó. Mílílítà kan rẹ̀ ní máíkírógíráàmù 20 GnRH ti ẹja sámọ́nì tí wọ́n tún ṣe, àti mílígíráàmù 10 domperidone, oògùn tó ń dí dópámíìnì lọ́wọ́ náà. Domperidone kì í rọrùn fún un láti wọ ọpọlọ, ṣùgbọ́n pítúítárì wà ní ìta ògiri ọpọlọ, ibẹ̀ ló sì ti ń bá dópámíìnì jà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á wọn ẹja lórí òṣùwọ̀n. Ìdajì mílílítà ni fún kílò kan, nítorí náà abo tó wọn kílò 2 á gba mílílítà 1. Wọ́n á fi aṣọ tútù bo ojú rẹ̀ kó má jà, wọ́n á gún abẹ́rẹ́ náà sínú ẹran ẹ̀yìn rẹ̀, lábẹ́ lẹbẹ òkè, wọ́n á fi àtàǹpàkò ra ojú ibẹ̀ kí oògùn má ṣàn jáde. Ó di inú táńkì rẹ̀, òun nìkan, wọ́n á sì bo táńkì náà. Bí omi bá lọ́wọ́ọ́wọ́ tó nǹkan bí 28°C, wákàtí 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni kí ẹyin tó já. Ẹni tó gún un ní aago mẹ́jọ alẹ́, ìdájí ló ń dìde lọ fún ẹyin. Bí omi bá tutù, á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ẹyin tó ti já á máa dà jáde bí wọ́n bá ti tẹ ikùn rẹ̀ díẹ̀. Àtọ̀ akọ kì í ṣeé fún bẹ́ẹ̀. Pípa ni wọ́n ń pa akọ láti yọ kórópọ̀n rẹ̀. Wọ́n á po àtọ̀ mọ́ ẹyin, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí àwọ̀n, nǹkan bí ọjọ́ kan sí i, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í pa.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń béèrè

*Ṣé a lè gún ẹranko ní adrẹnalíìnì kó lè bímọ?* Rárá. Ògiri ọpọlọ kò ní jẹ́ kó débi tó yẹ, á sì mú ọkàn rẹ̀ sáré débi ewu.

*Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló rí lára ènìyàn?* GnRH ènìyàn, ti ẹlẹ́dẹ̀ àti ti àgùntàn, ọ̀kan náà ni. Ẹyin obìnrin kì í dúró de ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ebi tó pọ̀, eré ìdárayá àṣejù tàbí ìdààmú ọkàn ọlọ́jọ́ gbọọrọ lè dá nǹkan oṣù obìnrin dúró, nítorí pé ìgbì GnRH rẹ̀ ti falẹ̀.

Ìgbéléwọ̀n

1. Kí nìdí tí dibenamine kò fi ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá gún un fún ehoro ní ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn gígùn?
2. Eku kan gba oògùn oorun ní aago méjì ọ̀sán. Ìgbà wo lo rò pé ẹyin rẹ̀ yóò jáde? Sọ ìdí rẹ̀.
3. Fi àwòrán ṣàlàyé ibi méjì tí nọradrẹnalíìnì lè bọ́ sí nínú haipotálámọ́sì, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí LH níbi kọ̀ọ̀kan.
4. Bí Ovaprim bá ní domperidone nìkan, láìsí GnRH, kí lo rò pé yóò ṣẹlẹ̀? Bí ó bá sì ní GnRH nìkan ńkọ́?

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pa ọmọ ẹja àrọ̀ ní àdúgbò yín, ní ẹgbẹ́ mẹ́rin mẹ́rin, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda òbí. Ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ bi wọ́n ní ìwọ̀n oògùn tí wọ́n ń lò, aago tí wọ́n ń gún un, bí omi ṣe gbóná tó, àti iye wákàtí tó ń gbà kí wọ́n tó fún ẹyin. Kí ẹ̀yin náà ṣàlàyé fún wọn, ní èdè tó yé wọn, ohun tí dópámíìnì ń ṣe lára ẹja wọn. Ẹ kọ èsì sínú ìwé ojú kan, kí ẹ mú un wá ní ọjọ́ Ajé.